Kingdom of Loathing: ṣé ó tọ́ kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí?

Ẹyẹ_Òru:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀ o.

Oṣù tó kọjá ni mo pa àkáǹtì mi rẹ́ nínú géèmù kan tí mi ò ní dárúkọ. Orí bíráúsà ni wọ́n ti ń gbá òun náà. Ilé olódi lèèyàn ń kọ́ níbẹ̀, bó bá sì ti sùn báyìí, àwọn yòókù á wá kó o lẹ́rù lọ. Mo máa ń fi áláàmù fóònù jí ara mi láago mẹ́ta òru kí n lè kó àwọn ọmọ ogun mi pamọ́ kí wọ́n tó dé. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi bi mí pé ta ló ń pè mí lóru lójoojúmọ́, ara mi bù máṣọ.

Síbẹ̀ mo fẹ́ràn géèmù tó ní ìtàn nínú, irú èyí téèyàn ti ń lágbára díẹ̀díẹ̀ láti ìpele kan bọ́ sí òmíràn. Kọ̀ǹpútà mi ti dàgbà, mi ò sì fẹ́ dáwúnlóòdù ohunkóhun sórí ẹ̀. Ẹnì kan ní kí n lọ wo Kingdom of Loathing. Mo ṣí i, mo rí àwọn èèyàn tínínrín tí wọ́n fi ìlà lásán yà, dúdú lórí funfun, bí èyí tí ọmọ iléèwé ń yà sẹ́yìn ìwé rẹ̀. Mo bá tì í pa. Ẹni yẹn ní mo kánjú, pé kí n padà lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbá a pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ni adùn rẹ̀, kí sì ni àbùkù rẹ̀? Ṣé ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, àbí bí mo bá dé àárín ọ̀nà wọ́n á ní kí n mówó wá? Ṣé mo lè sùn kí n má fòyà? Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ká mi lára jù.

Ìrìn_Ogójì:

Ẹyẹ Òru, ẹ káàbọ̀. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun gan-an ló mú mi dúró ti géèmù yìí láti ọdún 2009, bí mo tiẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí mo tún padà.

Ìrìn ni wọ́n fi ń díwọ̀n ọjọ́ níbẹ̀. Bí ọjọ́ bá yí nínú géèmù náà, wọ́n á fún yín ní ìrìn 40. Ìjà kan, ìrìn kan. Oúnjẹ àti ọtí lè bù sí i, àmọ́ ikùn yín kò gbà ju ìwọ̀n 15 lọ lójúmọ́, ọtí kò sì yẹ kó ju ìwọ̀n 14 lọ. Bí ìrìn bá tán, ó tán nìyẹn. Ẹ ò ní rí bọ́tìnnì kankan tó ń ṣẹ́jú sí yín pé kẹ́ ẹ máa bọ̀. Ìṣẹ́jú 25 sí 40 ni mo fi ń parí tèmi, n ó sì dìde lórí àga. Èyí tẹ́ ẹ ò bá lò kì í ṣègbé lójú ẹsẹ̀, ó lè kó jọ títí dé 200, nítorí náà bẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò fún ọjọ́ méjì, ẹ ò pàdánù nǹkan kan.

Ní ti àwọn olè òru: òkúta kan wà níbi àgọ́ yín tó ń jẹ́ Magical Mystical Hippy Stone. Níwọ̀n ìgbà tí òkúta yẹn bá wà lódindi, kò sẹ́ni tó lè kọlù yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fọwọ́ ara yín fọ́ ọ bó bá wù yín láti máa bá àwọn yòókù jà. Tèmi ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, mi ò sì ní in lọ́kàn láti fọ́ ọ.

Àwọn àwòrán yẹn ńkọ́? Zack Johnson tó dá géèmù náà sílẹ̀ ní Arizona lọ́dún 2003 ló fọwọ́ ara rẹ̀ yà wọ́n. Mo mọ̀ pé wọn ò jọ ẹni lójú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ni géèmù náà, ẹ máa kà á ni. Ẹranko á dé, wọ́n á sọ ohun tó ṣe, ẹ̀yin á yan ohun tẹ́ ẹ máa fi lù ú, wọ́n á sì sọ bó ṣe rí lára rẹ̀. Torí pé ọ̀rọ̀ lásán ni, ó ń yára ṣí lórí kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Adobe pa Flash tì ní ìparí ọdún 2020, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ géèmù bíráúsà fi ń ṣiṣẹ́. Àìmọye géèmù bíráúsà ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn mìíràn bí AdventureQuest Worlds sì ní láti wá ẹ̀rọ tiwọn tí àwọn èèyàn á kọ́kọ́ dáwúnlóòdù kí wọ́n tó lè wọlé. Loathing kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ojú ìwé tó ṣí lọ́jọ́ náà ló ṣí lọ́jọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí adùn rẹ̀ wà fún mi. Ní ìpele 12, ogun kan wà ní erékùṣù, láàárín àwọn ọmọ yunifásítì aláriwo àti àwọn hippy, ìyẹn àwọn onírun gígùn tó ń wàásù àlàáfíà. Ọmọ ogun 1,000 ló wà níhà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì pa ìhà kan tán. Bẹ́ ẹ bá kàn gbọ́nra sínú ogun náà, ọ̀tá kan lẹ máa pa nínú ìjà kan. Ẹgbẹ̀rún ìjà! Pẹ̀lú ìrìn 40 lójúmọ́, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Àmọ́ iṣẹ́ kéékèèké mẹ́fà wà káàkiri erékùṣù náà, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá sì parí nínú wọn, iye tí ìjà kan ń pa á di ìlọ́po méjì: 2, 4, 8, títí dé 64.

Ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ ti àwọn obìnrin ilé ìsìn kan tí àwọn ọlọ́ṣà ti kó lówó. Ẹ óò gba ẹran 100,000 padà fún wọn. (Ẹran ni owó ibẹ̀, òun ni wọ́n ń ná.) Ọlọ́ṣà kọ̀ọ̀kan máa ń já bíi 1,000 sílẹ̀, nítorí náà bẹ́ ẹ bá lọ báyìí lásán, ọgọ́rùn-ún ìrìn ló máa gbà yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é, ó sì sú mi dé góńgó. Nígbà kejì, mo jókòó ti bébà kan. Mo gbé Leprechaun dání, torí òun lẹranko alábàárìn tó ń mú kí ẹran pọ̀ sí i, mo ti tọ́ ọ títí tó fi wúwo dé pọ́ùn 20. Mo pààrọ̀ fìlà, mo pààrọ̀ ṣòkòtò, mo tọ́jú oògùn méjì tí mo ti ń fi pamọ́ láti ìpele 8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 200 nínú ọgọ́rùn-ún lórí iye tí ọlọ́ṣà ń já sílẹ̀. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Ìkọ̀ọ̀kan wọn di 3,000. Ìjà 34 péré ni mo fi parí rẹ̀, oògùn náà kò sì tíì tán lára mi. Mo dìde, mo rìn yí yàrá po. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo pa ọ̀gá àjẹ́ tó wà níparí géèmù náà lọ.

Ohun tí ìrìn 40 yẹn ń ṣe fún un nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ìjà kò lópin, ta ni ì bá jókòó ṣírò nǹkan? Èèyàn á kàn máa tẹ bọ́tìnnì títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Kò_Sí_Ìdúró:

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa Ìrìn Ogójì, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹni tó fi í sílẹ̀ náà sọ tẹnu ẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, ìrìn 40 yẹn. Ìgbà tí ìtàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni wọ́n máa ń tì í mọ́ mi lójú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mo ráyè látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìṣẹ́jú 30 ni mo rí gbá. Ọjọ́ Ajé tí mi ò ráyè rárá, ìrìn ń kó jọ dè mí. Géèmù tó yẹ kó tẹ̀ lé àkókò mi, èmi ni mò ń tẹ̀ lé tirẹ̀.

Ìkejì, kò ṣeé gbá láìsí wiki lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ìkànnì tí àwọn tó ń gbá a ti ṣàlàyé gbogbo nǹkan inú rẹ̀. Ohun èlò tó wà níbẹ̀ pọ̀ bí yanrìn, bẹ́ ẹ bá sì ti dé ìpele 11, wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá nǹkan mẹ́ta tó farapamọ́ sínú nǹkan márùn-ún. Mo bá ara mi níbi tí mo ti ń ka wiki fún ìṣẹ́jú 50 nítorí géèmù ìṣẹ́jú 30.

Ìkẹta, tó bí mi nínú jù: Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀, inú orúkọ ló wà. Ẹni tó ń ta ọtí ní ìpele 3 ń jẹ́ Bart Ender. Ẹni tó bá pe orúkọ yẹn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó sì gbọ́ "bartender", ìyẹn ẹni tó ń ta ọtí, ló máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ á kọjá lára ọgọ́rùn-ún irú ẹ̀ lójúmọ́ láì mọ̀ pé wọ́n ń bá òun ṣeré. Bẹ́ ẹ bá mú ẹ̀fẹ̀ kúrò nínú géèmù yẹn, kí ló kù? Ìlà àti àpótí.

Owó náà ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni, mi ò purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n nípa ohun èlò olóṣooṣù.

Alájàpá_Méjì:

Ẹyẹ Òru, àbúrò mi, Turtle Tamer lèmi, mo ń fi ìjàpá jagun. Mi ò ní pẹ́.

Ohun tí àwọn méjèèjì tó ṣáájú mi ò tíì sọ ni àwọn èèyàn ibẹ̀. Kí wọ́n tó gbà yín láyè láti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ ó kọ́kọ́ lọ síbi pẹpẹ kan tó ń jẹ́ Altar of Literacy, wọ́n á sì dán yín wò bóyá ẹ mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ dáadáa. Mo kùnà nígbà àkọ́kọ́, ó dùn mí. Mo padà lọ, mo yege. Nígbà tí mo wọlé ni mo wá rí ohun tí ìdánwò náà wà fún: kò sí ariwo, kò sí èébú, kò sẹ́ni tó ń tọrọ nǹkan lọ́nà tí kò bójú mu. Mo béèrè ohun kan tó rọrùn gan-an, èèyàn mẹ́ta ló dá mi lóhùn, ọ̀kan nínú wọn sì fi idà àti fìlà ránṣẹ́ sí mi, kò bi mí lórúkọ, kò béèrè nǹkan kan padà.

Àbùkù tèmi: àwọn èèyàn yẹn ti dín kù sí ti àtijọ́. Àwọn ìgbà kan wà tí mo máa ń wọlé tí ó dákẹ́ rọ́rọ́. Lórí fóònù náà, ojú ìwé rẹ̀ há, torí pé ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Ẹ bá mi gbá a lórí kọ̀ǹpútà bó bá ṣeé ṣe.

Ìrìn_Ogójì:

Kò Sí Ìdúró, mi ò ní bá ọ jiyàn lórí wiki. Òótọ́ lo sọ. Ìpele 11 gùn, ó sì lọ́jú pọ̀, mi ò sì tíì rí ẹni tó dá nìkan là á já. Ibi tí géèmù náà ti kùnà ẹni tuntun nìyẹn, n kì í sì í bò ó mọ́lẹ̀.

Lórí Gẹ̀ẹ́sì, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ ni mo gbà. Bart Ender kọjá lára èmi náà, ọdún kejì ni ẹnì kan ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Àmọ́ ṣé o dé ibi tí wọ́n ń pè ní Palindome? Ohun tó bá wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ṣeé kà láti iwájú, ó ṣeé kà láti ẹ̀yìn. Drab Bard. Evil Olive. Ọ̀gá wọn pátápátá ń jẹ́ Dr. Awkward. Ohun tó máa ń ṣílẹ̀kùn ibẹ̀, Talisman o' Namsilat ni. Mo kọ èyí tó kẹ́yìn yẹn sórí bébà, mo fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà rẹ̀ láti òpin wá sí ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo dé T tó wà níwájú ni mo pariwo. Kò gba pé kéèyàn mọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tí wọ́n fi bí. Ó gba pé kéèyàn fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀. Ọmọ Yorùbá tó dàgbà sídìí àlọ́ àpamọ̀ mọ irú eré yẹn dáadáa.

Ohun èlò olóṣooṣù wá ńkọ́? Ẹyẹ Òru, bó ṣe rí nìyí. Bẹ́ ẹ bá fún wọn ní dọ́là 10, wọ́n á fún yín ní Mr. Accessory kan. Oṣooṣù ni ohun tuntun máa ń jáde tẹ́ ẹ lè fi Mr. Accessory kan rà, bí oṣù bá sì ti parí, ó kúrò lórí àtẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lẹ́yìn náà á lọ rà á lọ́wọ́ àwọn yòókù ní ọjà inú géèmù, ẹran ló sì máa fi rà á, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Àwọn ohun wọ̀nyí lágbára púpọ̀. Ẹni tó ti ń kó wọn jọ láti ọdún mẹ́wàá á parí géèmù náà lọ́jọ́ díẹ̀, èmi á lo ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá jẹ́ pé ìdíje ló ń wù yín, kẹ́ ẹ fẹ́ kí orúkọ yín wà lókè, ẹ má bẹ̀rẹ̀, ó máa dùn yín.

Àmọ́ ìtàn fúnra rẹ̀, láti ìpele 1 títí dé ibi tí ẹ ti máa tú ọba tí ọ̀gá àjẹ́ náà dè sílẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn kan níbẹ̀ tó ń béèrè owó. Bẹ́ ẹ bá sì ti tú u sílẹ̀ tán, ẹ lè gòkè lọ, kẹ́ ẹ tún padà wá sáyé ní ìpele 1, kẹ́ ẹ yan iṣẹ́ mìíràn, kẹ́ ẹ sì mú ọgbọ́n kan lọ́wọ́ láti ayé àkọ́kọ́. Iṣẹ́ mẹ́fà ló wà: Seal Clubber, Turtle Tamer, Pastamancer, Sauceror, Disco Bandit, Accordion Thief. Mo fi Pastamancer bẹ̀rẹ̀, mo sì mú Entangling Noodles lọ, èyí tó ń di ọ̀tá lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ fún sáà díẹ̀ nínú ìjà. Ayé kejì, mo jẹ́ Seal Clubber alágbára, mo sì tún ń ju núdù dè wọ́n. Bí ayé bá ṣe ń pọ̀ sí i ni èèyàn ṣe ń kún sí i.

Ohun kan tó yẹ kí n ti sọ tẹ́lẹ̀: ẹ má mu ọtí kọjá 14 nígbà tí ìrìn bá ṣì wà lọ́wọ́ yín. Mo ṣe é lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìrìn mi ṣì pé 60, ọtí pa mí, mi ò sì lè lo ẹyọ kan títí ọjọ́ fi yí. Ẹ ná gbogbo ìrìn tán. Nígbà náà ni kẹ́ ẹ wá mu ife kan tó le jù kẹ́ ẹ tó lọ sùn, ìrìn tó bá bù fún yín á dúró de ọ̀la.

Kò_Sí_Ìdúró:

Mi ò dé Palindome. Mo kúrò ní ìpele 10, níbi tí àwọn òmìrán wà lókè àwọsánmà. N ó lọ wò ó.

Ẹyẹ_Òru:

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣeun, gbogbo yín.

Mo mú Sauceror. Ọjọ́ kẹrin ni mo dé yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé ọtí yẹn, èyí tí eku kún inú rẹ̀. Igun 25 ló wà níbẹ̀, òkùnkùn bo gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lèèyàn sì ń tẹ̀ wọ́n kó tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mò ń pa eku, mò ń pa eku, mo ń rò ó pé bóyá ihò kan ni wọ́n ń gbà wọlé. Ní igun kejìdínlógún mo rí ẹnu ẹ̀rọ omi kan lára ògiri, eku ló ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀ bí omi! Wọ́n ní kí n yí i pa. Mo yí i pa. Mo pe ọmọ mi wá wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ta ló ṣí i sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, a jọ ń jókòó sídìí ẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Òun ló ń yan ibi tí a ó lọ, èmi ni mò ń ka ohun tí wọ́n kọ fún un, mo sì ń tú u sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á. Àwọn ẹ̀fẹ̀ kan kì í ṣeé tú, Kò Sí Ìdúró kò parọ́ níbẹ̀. Àmọ́ eku inú ẹ̀rọ omi ṣeé tú.

Mo ti yọ áláàmù aago mẹ́ta kúrò lórí fóònù.

Ìbéèrè kan ló kù. A ti wọ ìlú àwọn Knob Goblin báyìí, a rí kọ́kọ́rọ́ tó ń tú àwòrán ilẹ̀ náà, a sì fẹ́ pa ọba wọn. Ọ̀nà méjì la gbọ́ pé ó wà láti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀: kí n wọ aṣọ àwọn obìnrin ààfin, tàbí kí n wọ ti ẹ̀ṣọ́. Ọmọ mi fẹ́ ti ẹ̀ṣọ́. Èwo ló yá jù? Ìrìn 12 ló kù fún wa lálẹ́ yìí.

Ìrìn_Ogójì:

Ti ẹ̀ṣọ́ gba kẹ́ ẹ yan kéèkì kan fún ọba, ẹ̀yin lẹ sì máa wá ohun tẹ́ ẹ máa fi yan án. Ti obìnrin ààfin yá jù, àmọ́ ẹ má gbàgbé lọ́fínńdà, torí bẹ́ ẹ bá wọ aṣọ náà láì fi lọ́fínńdà sára, ẹ ò ní rí ọba bá jà. Ẹ kí ọmọ náà fún mi. Bó bá tẹnu mọ́ ti ẹ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ kó yan kéèkì ẹ̀, ọ̀la ṣì ní ìrìn 40 míì.